Ṣọkọ Tí A Fi Omi Àlùwàlá Rin

Kó! Ìró tí garawa mú jáde nínú kànga lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn. Kì í ṣe ìró omi tó ń la ẹnu gba garawa, èyí tí etí wa ti mọ̀ láràárọ̀. Ìró òkúta ni. Bàbá dúró gbagidi, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa garawa náà sókè díẹ̀, ó tún jù ú sílẹ̀. Kó! Ó wá ṣí fìlà rẹ̀ kí ó má baà já sínú ihò, ó fi àyà lé etí kànga, ó sì dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń gbọ́?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀," ó ní. "Ó ń bèèrè pé ta ló kó omi òun lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì rò pé ẹni tó bá ṣì lè ṣe àwàdà kò lè wà nínú ìṣòro. Ìgbà tí ó dìde tí mo rí ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti sọ ohun tí mo rí lójú yẹn. Kì í ṣe ìbínú, kì í sì í ṣe ẹkún. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì ti ń gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́.

Kì í ṣe bàbá mi, kò sì bá màámi tan. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ilé tí a háyà ní Sàngó-Ọ̀tà, ilé gígùn kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ògiri kọ́ńpìnì ńlá. Ọmọ Ọ̀tà gidi ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, èmi ń pè é ní Bàbá lásán. Màámi ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnì mìíràn lọ́nà Ìjù, níbi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́ alẹ́. Bí ó bá wà nílé, ó ń sùn. Nítorí náà, Bàbá ni mo máa ń bá tí mo bá ti ilé ìwé dé. Òun ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun, òun ló sì ń wo ìwé mi bí ẹni tó lè kà á, tí yóò mi orí, tí yóò ní, "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dúró dáadáa. Kò wọ́ bí ẹni tí ebi ń pa."

Láàárín ẹ̀yìn ilé wa àti ògiri kọ́ńpìnì, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kò ṣe é kọ́lé sí. Ibẹ̀ ni oko rẹ̀. Ebè mẹ́rìnlá ni, mo mọ̀ nítorí mo máa ń kà wọ́n bí mo bá ń fò láti àárín ọ̀kan sí òmíràn, tí òun yóò sì máa fi orúkọ àwàdà tó sọ mí pariwo lẹ́yìn mi pé, "Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹsẹ̀ rẹ! Ẹsẹ̀ rẹ ń bọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn!" Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ewédú wà níbẹ̀, gbúre, ṣọkọ àti ilá díẹ̀. Láàárọ̀, òórùn ilẹ̀ tútù ni màá kọ́kọ́ gbọ́, kí òórùn kọ́ńpìnì tó dé, òórùn bí ike tí iná ń jẹ pẹ̀lú ọṣẹ. Ìró ẹ̀rọ wọn kì í sinmi. Bí ó bá ṣàdédé dákẹ́, gbogbo wa á jáde síta láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Abẹ́ ògiri náà ni gọ́tà kan ti jáde. Omi inú rẹ̀ kì í dá, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Lọ́jọ́ kan ó máa ń hó, lọ́jọ́ kejì ó máa ń pọ́n bí omi ìsápá, lọ́jọ́ mìíràn èéfín á máa rú lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lódìkejì gọ́tà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi yẹn sí oko wọn, ẹ̀fọ́ wọn sì máa ń yọ̀ nígbà tí ohun gbogbo bá ti gbẹ. Bàbá kò bù ú rí, kódà bí ó ṣe ìwọ̀n ife kan.

Ìyá onílé wa, obìnrin kan tó ti Ayétòrò wá, tó fi owó òkìrìkà kọ́lé, kì í jẹ́ kí ó gbádùn.

"Bàbá, ẹ̀fọ́ àwọn ará ọ̀hún fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Tiyín wá rí bí etí eku."

"Alhaja, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ wọn."

"Ṣé mo ní ayé sú mi ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di méjì fún mi, kí ẹ sì fi ènì sí i."

Ìdí tí kò fi bù ú kò fara sin. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú kọ́ńpìnì yẹn kí wọ́n tó dá a dúró. Òun ló máa ń wọ inú àwọn táǹkì láti fọ̀ wọ́n. Èékánná mẹ́ta ló ti ṣí kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí wọn kò hù padà. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ń ṣan ohun tó wà nínú táǹkì sínú gọ́tà yẹn," ó sọ fún mi nígbà kan, ó nà án síwájú mi kí n rí i. "Mo mọ ohun tí mo dà nù. Ṣé kí n wá bù ú padà, kí n fi fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ?"

Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń dán omi wò. Ojú á kọ́kọ́ wò ó, imú á gbọ́ òórùn rẹ̀, ahọ́n á wá tọ́ ọ wò. Ó ní omi tí àwọ̀ rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ tàbí adùn rẹ̀ bá ti yí, Ọlọ́run kò gbà á fún àlùwàlá. "Bí Ọlọ́run kò bá gbà á lára mi, kí ni mo fẹ́ fi rin ẹ̀fọ́ fún?"

Nínú gbogbo ẹ̀fọ́ rẹ̀, ṣọkọ ló sún mọ́ ọkàn rẹ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀ ló mú irúgbìn rẹ̀ wá láti oko ìyá tirẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ra, oko náà sì ti di ilé iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Bàbá ní ṣọkọ ọjà máa ń yọmi nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ti ìyàwó òun kì í yọmi, ewé rẹ̀ máa ń di ọbẹ̀ mú. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ebè kan wà tí ọ̀bẹ kì í kàn. Yóò jẹ́ kí ó ga, kí ó tanná pupa rẹ́súrẹ́sú tó gùn ṣóńṣó bí ìrù ọmọ ológbò, kí irúgbìn inú rẹ̀ gbó, kí ó dúdú kí ó sì máa dán. Inú ebè kan yẹn ni gbogbo ṣọkọ ọdún tó ń bọ̀ wà. Kò ní òmíràn nípamọ́. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbìn tán, ó máa ń há a fún àwọn èèyàn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn kò fẹ́ lọ. Ọyẹ́ ti lọ, oòrùn sì jókòó sórí wa. Lójoojúmọ́, ìkùukùu á ṣú díẹ̀ lápá Ìtẹ̀lé, gbogbo ilé á sáré kó aṣọ, afẹ́fẹ́ á gbé eruku àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dé, lẹ́yìn náà ojú ọ̀run á tún mọ́ kedere bí ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ tí garawa kan òkúta yẹn, Bàbá rìn yí oko rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá jókòó lórí àpótí rẹ̀.

"Ebè mẹ́tàlá á lọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọ̀kan yìí ni a ó dì mú."

Omi bọ́họ̀ọ̀lù àdúgbò kejì kì í jáde ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, nítorí iná ìjọba kì í dúró. Lẹ́yìn ìrun àìlà ọ̀sán, Bàbá á ti bárò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì lọ tò sí ìlà níbẹ̀, kò sì ní dé títí di ìgbà tí aláásárì bá kù díẹ̀. Èyí tó bá rí gbé bọ̀ kò ju èyí tí a ó mu, tí a ó fi dáná, tí a ó fi ṣe àlùwàlá. Ìgbà náà ni ó ronú kan ohun tí mi ò tíì rí níbòmíràn títí di òní. Ó kó gbogbo bútà ilé jáde, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ebè ṣọkọ yẹn, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ọkùnrin ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe àlùwàlá wọn sórí sìmẹ́ńtì mọ́. Kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ebè, kí omi tó bá ń kán lójú wọn, lápá wọn àti lẹ́sẹ̀ wọn lè máa bọ́ sí ìdí ṣọkọ.

Wọ́n wá. Mo ṣì ń rí wọn títí di òní, ìlà àwọn ọkùnrin tó lóṣòó láàárọ̀ kùtùkùtù, omi ń kán tó, tó, tó, ilẹ̀ ń fà á mu lójú ẹsẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì kan tó ń gbé yàrá iwájú ní òun kò mọ àlùwàlá, ṣùgbọ́n òun mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹsẹ̀. Bàbá ní kí ó máa bọ̀, àmọ́ kó fi ọṣẹ sílẹ̀. Ìyá onílé dúró lójú fèrèsé, ó ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà: "Ẹ wò wọ́n bí ẹni tó ń wúre fún ẹ̀fọ́!" Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun náà ń gbé omi tó fi ṣan ìrẹsì wá. Mi ò rò pé mo ti nífẹ̀ẹ́ ilé kankan bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ ilé yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Mo ń sọ èyí kí ó lè yé yín pé kì í ṣe ọmọ burúkú ni mí. Mo mọ̀ pé mo ń yára gbèjà ara mi. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Omi àlùwàlá kò tó. Ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n ń ká kò bí ìwé tí iná rà. Lọ́sàn-án, gbogbo ebè náà á tẹrí ba. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan tó bà mí lẹ́rù: ife omi mímu tirẹ̀ gan-an, ó máa ń mu ìdajì, á da ìyókù sí ìdí ṣọkọ. Ètè rẹ̀ sán. Nígbà tó bá ń ti bárò bọ̀, màá máa wo apá rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Èrò kan ṣoṣo ló kún orí mi: bí ṣọkọ yìí bá kú, Bàbá á kú. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi, mo sì gbà á gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Bàbá ti lọ sí bọ́họ̀ọ̀lù, màámi ń sùn. Mo dúró létí gọ́tà. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara lọ́jọ́ náà. Kò hó, kò pọ́n, kò rú èéfín. Mo wò ó. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé kò rùn ju bí gbogbo àdúgbò ṣe ń rùn lọ. Ohun kẹta tí Bàbá kọ́ mi, mi ò ṣe é. Mi ò fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà ìdí tí mi ò fi ṣe é, ìdáhùn kan náà ni mo sì ń rí: mi ò fẹ́ mọ̀. Mo mú bútà kan, mo bù ú kún, mo dà á sí ìdí ṣọkọ, mo tún padà lọ bù ú, títí ebè yẹn fi rin gbindin.

Mo ṣe é ní Túsìdeè. Mo ṣe é ní Wẹ́sìdeè.

Ṣọkọ náà dìde. Àfi bí iṣẹ́ ìyanu. Ewé rẹ̀ yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ tutù rinrin. Bàbá kúnlẹ̀ tì í láàárọ̀ Tọ́sìdeè, ó fi ọwọ́ tí kò ní èékánná yẹn gbé ewé kan, ó ní, "Alhamdulillahi. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ṣé o rí i? Ó gbọ́ wa." Mo ní mo rí i. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé èèyàn lè máa gbé irú nǹkan méjì bẹ́ẹ̀ sínú kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, mo tún lọ. Mo ti da bútà mẹ́rin, mo bu ìkarùn-ún, ni màámi jí, ó sì pè mí láti inú ilé pé kí n wá bá òun wá bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé bútà náà sílẹ̀ láàárín àwọn yòókù, mo sáré wọlé. Nígbà tí mo fi máa jáde, Bàbá ti dé. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ebè, ó ń múra ìrun aláásárì. Bútà tó mú lọ́wọ́ ni èyí tí mo gbé sílẹ̀.

Mo fẹ́ pariwo, ilẹ̀kùn ni mo dì mú. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó bu omi sí ẹnu láti yọ ọ́.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò tu ú, kò gbé e mì. Ojú rẹ̀ lọ sí gọ́tà, ó padà sí ṣọkọ, ó wá bọ́ sára mi. Lẹ́yìn náà ló tu omi náà sí apá kejì, jìnnà sí ebè.

"Ìwọ ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Mo wo bútà ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan fún ara rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ilẹ̀ á gbé e mì. A ó da omi tó dáa lé e lórí. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá fà á tu ni, kò sí ohun mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Ẹ̀yin náà rí i pé ó ti sọ ìdáhùn tó máa gba ṣọkọ náà là fún mi. Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Tàbí ó mọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Bàbá. Ti òní yìí nìkan ni."

Ó wò mí pẹ́. "Ó dáa," ó ní. Ó da bútà náà nù, ó sì gbé òmíràn.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ. Láàárọ̀ ni, ojú ọ̀run kàn ṣú lójijì, kò tilẹ̀ halẹ̀. Òórùn eruku tútù ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ariwo lórí páànù, débi pé a kò gbọ́ ẹ̀rọ kọ́ńpìnì mọ́. Àwọn ọmọ sá jáde ní ìhòòhò. Ìyá onílé gbé gbogbo ìkòkò tó ní síta, ó ń jó láàárín wọn. Bàbá dúró láàárín oko rẹ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ṣàn lórí pípá rẹ̀, ó sì ń pè mí: "Jáde wá! Jáde wá, kí ni ò ń ṣe nínú ilé?" Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ pé òtútù ń mú mi. Òjò tí gbogbo wa ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mi ò lè fi ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀.

Nígbà tí irúgbìn náà gbó, ó gé e, ó sá a, ó gbọ̀n ọ́n sórí àtẹ. Ó dúdú, ó kéré bí ẹ̀tù ìbọn. Ó gbin púpọ̀ nínú rẹ̀ sí ebè mẹ́fà lọ́jọ́ kan náà. Ó wá mú ìgò lọ́fínńdà kékeré kan, irú èyí tó máa ń fi pa ara ní Jímọ̀ọ̀, ó da irúgbìn sínú rẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

"Tìrẹ nìyí. A jọ gbé e la ẹ̀ẹ̀rùn já ni. Bó o bá lọ sílé ọkọ, wàá rí nǹkan mú lọ."

Mo dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìgò náà gbóná ní àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni pé ó ti inú iná jáde.

Ìdì ṣọkọ àkọ́kọ́ tó gé, kò tà á. Ó gbé e wá fún màámi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. "Ìyá ọmọ yìí, ọmọ rẹ ló ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi se ọbẹ̀." Màámi yọ̀, ó fa àwo mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé náà. Mo ń wo ìka rẹ̀. Mo ń rò ó pé èékánná wo ló máa kọ́kọ́ ṣí. Ó já ewé kejì, ó já ìkẹta, ó ju ọ̀kan sẹ́nu bí ó ṣe máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá ó korò.

"Ẹ tu ú! Màámi, ẹ tu ú!"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, Mọ́ńdè, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè. Màámi dìde láti gbá mi létí, àwo ewé sì dà sílẹ̀. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò bínú, èyí sì burú jù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ewé nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó bọ́ sábẹ́ àga.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin," ó ní.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Omi ẹ̀ẹ̀kan kì í jẹ́ kí ewé dìde bẹ́ẹ̀. Mo rí i láàárọ̀ yẹn, kí n tó fi ẹnu kàn án." Ó jókòó, ìdì ẹ̀fọ́ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo fẹ́ kó jẹ́ pé Ọlọ́run ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà ọ́ gbọ́. Má dá nìkan gbé e."

Lọ́jọ́ kejì, òjò wínníwínní ń rọ̀. Ó fa ebè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tu, ó gbẹ́ ihò tó jìn, ó sin gbogbo rẹ̀. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Ìyá onílé rọra pa fèrèsé rẹ̀ dé. Nígbà tó ṣe tán, Bàbá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pè mí.

"Ìgò yẹn ńkọ́?"

"Mo ti sọ ọ́ nù, Bàbá."

Ó mi orí. "O ṣeun."

Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni ó wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, irúgbìn ọjà ló ń rà. Kò sí ebè tí ọ̀bẹ kì í kàn mọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú, nínú ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Wọ́n gbé garawa omi méjì sí ọ̀nà àárín ilé, omi tí wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo inú wọn, mo gbóòórùn wọn, mo ti ìka bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi kan ahọ́n. Alùfáà tó fẹ́ gbé wọn rí mi.

"Ọmọ yìí, kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń wò ó bóyá ó dáa ni, sà."

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa," mo ní, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Mo ti kàwé jáde báyìí. Ìmọ̀ ọ̀gbìn ni mo kà, mo ti sin ìjọba, mo sì háyà yàrá kan ní Ìtẹ̀lé, láti ibi tí mo ti ń jáde lọ wáṣẹ́ ní Àgbárá, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé wọ́n á pè mí. Mo gbin ata sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fífọ́ méjì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí a jọ ń gbé ilé máa ń rẹ́rìn-ín mi pé mo máa ń tọ́ omi wò kí n tó fi rin ata. Mi ò tíì rí ọ̀nà láti ṣàlàyé fún un. Ní yunifásítì, a ní yàrá ìwádìí tí a ti lè mọ ohun tó wà nínú irúgbìn. Ọdún márùn-ún gbáko ni ìgò yẹn fi wà nínú àpò mi, mo ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá náà kọjá. Bí wọ́n bá sọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, a jẹ́ pé lásán ni Bàbá sin ṣọkọ ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ó wà, a jẹ́ pé òótọ́ ni pé èmi ni mo pa ṣọkọ náà. Mi ò wọlé.

Ó ní kí n má dá nìkan gbé e. Mo máa ń rántí gbólóhùn yẹn bí mo bá jí lóru. Ó gbé tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, níwájú màámi, láìfi nǹkan kan pamọ́. Èmi ni mo tún pa irọ́ kejì fún un lọ́jọ́ kejì rẹ̀ kí n lè di irúgbìn tó kù mú, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó ti parí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí náà kò fẹ́ lọ. Lọ́sàn-án òní, ìkùukùu ṣú, àwọn ará ilé sì ń sáré kó aṣọ. Mo mú ìgò náà jáde bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, mo ṣí i, mo gbé e sí imú. Òórùn lọ́fínńdà ti lọ pátápátá. Mo da irúgbìn mélòó kan sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ṣì ń dán. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó, bí àwọn ọkùnrin tó lóṣòó yẹn. Ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi ṣí ẹnu sílẹ̀. Mo ka irúgbìn náà padà sínú ìgò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì pa á dé.